Ìgò Mẹ́rin Lára Kẹ̀kẹ́ Olúdọ̀tun

Olúdọ̀tun dojú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ délẹ̀ láàárín ilé ìlọ oúnjẹ adìẹ rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ó fi àpò àgbàdo méjì há ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà kí ó má baà mì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í de ọparun mọ́ táyà ẹ̀yìn. Ọparun mẹ́rin ni. Ó ti gé wọn ní ìwọ̀n ìka ọwọ́, ìdí wọn dí, ẹnu wọn là. Ó fi wáyà so wọ́n mọ́ sípóòkù, ó kọjú ìdí wọn síta, ó kọjú ẹnu wọn sí àárín. Inú ọparun wọ̀nyí ni ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin yóò wọ̀, inú ìgò sì ni ẹ̀jẹ̀ adìẹ yóò wà.

Nígbà tí ó dè é tán, ó fi ìka kan ti táyà náà, ó dúró ń wò ó. Táyà yí, ó rọra dúró. Ó tún tì í. Ibi tí ó dúró sí lẹ́ẹ̀kíní náà ni ó tún dúró sí. Ó mọ̀ pé apá ìsàlẹ̀ ni ó wúwo jù. Ó wé wáyà díẹ̀ sí apá kejì, ó tì í, ó tún wé díẹ̀ sí i, títí táyà náà fi ń dúró síbi tí ó bá wù ú. Ìgbà yẹn ni ó tó rẹ́rìn-ín.

Táyé àbúrò rẹ̀ obìnrin jókòó sórí àpò kúlíkúlí, ó ń wò ó. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn kan ní Ṣàgámù ni Táyé ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni ó kó ìgò wá, òun náà ni ó mú oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wá. Ó ní ẹ̀rọ oníná ni àwọn fi ń yí ẹ̀jẹ̀ níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá òun ti kìlọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ adìẹ kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wò.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé kẹ̀kẹ́ yìí á sì yára tó?"

"Kẹ̀kẹ́ yìí gbé mi lọ sí Akaka láàárọ̀ yìí, ó sì gbé mi bọ̀. Ẹ̀rọ oníná yín yẹn, ṣé ó gbé ẹnikẹ́ni dé ẹnu ọ̀nà rí? Ká má tilẹ̀ sọ ti iná. Iná Ìkẹ́nnẹ́ wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú, kò tíì padà wá."

Ọ̀rọ̀ tí ó dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Màmá Afọláyan, tí gbogbo ìlú ń pè ní Màmá Tíṣà, ti fi ọdún méjìdínlógójì kọ́ ọmọ ní ilé ìwé àwọn Mẹ́tọ́díìsì kí ó tó fẹ̀yìn tì. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni ó fi kọ́ ilé adìẹ sí ẹ̀yìnkùlé, ó kó ọ̀ọ́dúnrún ọmọ adìẹ sí i, ó sì ń ra oúnjẹ wọn lọ́wọ́ Olúdọ̀tun. Ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ilé adìẹ náà àti ilé tí Àlíhájì Mọ́ṣúdù, ọlọ́bì ará Ṣàgámù, ń kó obì gbànja rẹ̀ sí. Màmá Tíṣà ni ó kọ́ Mọ́ṣúdù náà ní ìwé nígbà tí ó wà ní kékeré, wọn kò sì jà rí.

Nígbà tí àwọn ọmọ adìẹ náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ yí padà. Ogbe orí wọn tí ó yẹ kí ó máa pọ́n ti funfun bí ìyẹ̀fun. Wọ́n ń jókòó síbi tí wọ́n bá wà, wọ́n ń mí gúlegúle. Abẹ́ awọ àyà wọn wú, ó kún fún omi, omi náà sì rí bí aró tí ó fẹ́ di àwọ̀ ewé, bí ẹni pé wọ́n fi igi gbá wọn. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Mọ́ṣúdù fọ́n oògùn kòkòrò sí ilé ìkóbì rẹ̀, nítorí kòkòrò ti ń lu obì. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Màmá Tíṣà gbọ́ òórùn, ó wo àyà adìẹ tí ó dúdú, ó sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Rẹ́mọ yóò ṣe fún ẹni tí ó bá jẹ oró. Ó gbé epo pupa. Ó ya ogójì adìẹ tí ara wọn kò yá sọ́tọ̀, ó ń po epo tuntun mọ́ oúnjẹ wọn ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Kò pé ọjọ́ márùn-ún tí wúwú àyà wọn fi ń fà, tí wọ́n fi ń dìde rìn.

Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn lójú Màmá Tíṣà. Epo ni ń pa oró. Bí epo bá ti wo àìsàn kan sàn, oró ni àìsàn náà. Ta ni ó sì ní oró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri? Ó sọ ọ́ fún Mọ́ṣúdù lójú rẹ̀, ó sọ ọ́ nínú ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, ó ní bí yóò bá fi di ọjọ́ Ẹtì tí òun kò rí ẹjọ́ gidi gbọ́, òun yóò gba ààfin lọ.

Ti ààfin kọ́ ni ó dun Mọ́ṣúdù jù. Obì ni nǹkan tí ènìyàn ń gé jẹ láìsè, láìfọ̀ pàápàá. Bí ọ̀rọ̀ bá jáde pé oró wà nínú ilé tí wọ́n kó obì sí, kò sí ẹni tí yóò fi ẹnu kàn án. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Kánò ń bọ̀ wá kó ẹrù, ọgọ́rin agbọ̀n ni ó sì ti wé sínú ewé tí ó ń dúró dè wọ́n. Ìròyìn ti dé Sábó ní Ṣàgámù ṣáájú wọn.

Olúdọ̀tun náà gbà pé oró ni. Ó ní ìdí tí ó fi gbà bẹ́ẹ̀. Bí kì í bá ṣe oró, oúnjẹ ni, oúnjẹ náà sì rèé, òun ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò ó. Ọdún 1984 ni. Ìjọba ti dí ọ̀nà ọjà òkè òkun pa, pírímíìsì, ìyẹ̀fun inú àpò kékeré tí àwọn olóúnjẹ adìẹ ń pò mọ́ àgbàdo kí ara ẹyẹ lè le, kò sí mọ́. Ẹja lílọ̀ tí ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá náà kò sí. Ilé ìlọ oúnjẹ méjì ní Ìpẹ̀rú ti ti ilẹ̀kùn. Olúdọ̀tun kò tì í. Ó sun egungun màlúù, ó lọ̀ ọ́. Ó lọ ìkarahun, ó fi iyọ̀ sí i, ó fi kúlíkúlí àti èérí èkùrọ́ dípò ẹja. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí, bí kò ti sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní bí a ti ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe tàbí bí rédíò ti ń fọhùn. Ó ń ka ìwé tí ó bá rí, ó ń tú nǹkan wò, ó ń tò ó padà. Adìẹ ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, wọ́n ń sanra. Ó ti ń gbéraga díẹ̀, ó sì tọ́ sí i.

Táyé ni ó bà á lọ́kàn jẹ́. Nígbà tí ó sọ fún un nípa omi aláwọ̀ aró àti ogbe funfun, Táyé bi í ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Àpò pírímíìsì tí ẹ ń lò nígbà tí ó wà, kí ni wọ́n kọ sí ara rẹ̀?"

Olúdọ̀tun kì í da nǹkan nù. Ó fa àpò òfìfo kan yọ láti orí àjà, àwọn méjèèjì sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ó ti wá nǹkan rọ́pò rẹ̀, àfi èyí tí ó kẹ́yìn, tí wọ́n kọ wínníwínní: sẹ̀lẹ́níọ̀mù. Ó rántí pé òun ti rí i tẹ́lẹ̀. Iye tí wọ́n ní ó wà nínú odidi àpò oúnjẹ kò tó ẹyọ iyọ̀ díẹ̀. Ó ti rò nígbà náà pé ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe adìẹ lóore, kò sì lè ṣe é níbi.

Táyé wá là á yé e. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe omi pupa. Omi ni, ó sì ní horo pupa wẹ́wẹ́ nínú, bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, tí ó bá pẹ́ á rò sísàlẹ̀. Horo wọ̀nyẹn ni ń ru atẹ́gùn tí ẹ̀dá ń mí káàkiri ara. Atẹ́gùn náà ni ń jẹ́ kí iná jó, òun náà ni ń jẹ́ kí irin dípẹtà; ẹni tí ó ń rù ú kiri kò lè ṣàì máa jóná díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà òṣìṣẹ́ kan wà nínú horo kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa pa iná kékeré wọ̀nyẹn. Gúlúkóòsì tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ òṣìṣẹ́ náà. Sẹ̀lẹ́níọ̀mù ni irinṣẹ́ rẹ̀.

"Mo ti rí i," ni Olúdọ̀tun wí. Ojú rẹ̀ là bí ìgbà tí ẹ̀rọ kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. "Fún alágbàṣe lóúnjẹ yó, kí o má fún un lọ́kọ́. Kí ni yóò fi ro oko?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Horo á jó, á bẹ́, pupa inú rẹ̀ á dà sínú omi. Ẹyẹ á funfun. Omi á máa jò sí abẹ́ awọ, pupa tí ó bàjẹ́ nínú rẹ̀ ni ń di àwọ̀ aró."

"Epo tí Màmá Tíṣà fún wọn ńkọ́?"

Táyé ní epo pupa tuntun ní nǹkan tirẹ̀ nínú tí ń dáàbò bo ara horo láti ìta. Kò lè ṣe iṣẹ́ òṣìṣẹ́ inú ilé, ṣùgbọ́n á dín iná kù. Epo kò pa oró kankan. Ó kàn bá àìní gbé ẹrù díẹ̀ ni.

Olúdọ̀tun ká àpò òfìfo náà. Lẹ́yìn náà ó ní bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ yìí dùn tó, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Oró lè pa ẹ̀jẹ̀, àìní náà lè pa á. Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí ó jẹ́? Táyé ní òun ti kà nípa ọ̀nà kan, ó rọrùn, ohun tí ó gbà kò ju iyọ̀, gúlúkóòsì, fítámìn C funfun láti ilé olóògùn, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, àti ẹ̀rọ tí yóò yí ẹ̀jẹ̀ kíkan. Omi orí horo tí ó bá bẹ́ á pọ́n, ti èyí tí kò bẹ́ á mọ́. Bí kẹ̀kẹ́ ṣe dojú délẹ̀ nìyẹn.

Adìẹ mẹ́rin ni Olúdọ̀tun fúnra rẹ̀ yàn, Táyé sì fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára iṣan abẹ́ apá wọn. Ó so òwú mọ́ ọrùn ìgò kọ̀ọ̀kan, ó ta kókó sí i. Kókó kan jẹ́ ti adìẹ Màmá Tíṣà tí àìsàn ń ṣe. Kókó méjì, ti èyí tí ó ń jẹ epo. Kókó mẹ́ta, ti adìẹ Oyèbọ̀dé ní Akaka. Oyèbọ̀dé ń ra oúnjẹ kan náà lọ́wọ́ Olúdọ̀tun, ọmọ adìẹ rẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ara wọn sì dá ṣáṣá lójú. Kò sí ilé ìkóbì kankan nítòsí rẹ̀. Kókó mẹ́rin, ti adìẹ ìbílẹ̀ kan tí ń tan ilẹ̀ lẹ́yìn ilé ìkóbì Mọ́ṣúdù láti òwúrọ̀ dé alẹ́, tí ń ṣa kòkòrò tí oògùn bá pa jẹ.

Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹfun, ó kọ̀wé sára ògiri kí ọ̀rọ̀ má baà yí lẹ́nu òun bó dọ̀la: BÍ Ó BÁ JẸ́ ORÓ ỌLỌ́BÌ, KẸRIN Á PỌ́N, KẸTA Á MỌ́. BÍ Ó BÁ JẸ́ OÚNJẸ OLÚDỌ̀TUN, KẸTA Á PỌ́N, KẸRIN Á MỌ́.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí i ni?" ni Táyé béèrè.

"Èmi ni mo fẹ́ kí ó máa rí mi."

Ó fi ìgò sínú ọparun, ó jókòó sórí àpótí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ yí pẹ́dàlì. Táyà ké hùn-ún, sípóòkù pòórá lójú, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbọ́n ìyẹ̀fun ilẹ̀ sókè. Ó yí i títí tí apá ọ̀tún fi rẹ̀ ẹ́, ó sì bọ́ sí òsì. Nígbà tí ó dúró, horo pupa ti di mọ́ ìdí ìgò bí ẹrẹ̀, omi ti wà lókè. Táyé da omi náà nù, ó da omi iyọ̀ sí i, ó mì í, wọ́n tún yí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi gúlúkóòsì sí i, tí wọ́n sì fi fítámìn C tí wọ́n ti lọ̀ kúnná lé e. Ó ya Olúdọ̀tun lẹ́nu pé fítámìn tí à ń fún ọmọ jẹ nítorí òtútù ni yóò dá iná náà sílẹ̀. Táyé ní nínú ara kọ́, nínú ìgò nìkan ni, láàárín atẹ́gùn, ni ó ń hu ìwà bẹ́ẹ̀. Ìyẹn náà dùn mọ́ ọn gbọ́.

Wọ́n kó ìgò sínú garawa omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Olúdọ̀tun ń ti ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́ bí abiyamọ tí ó fẹ́ wẹ ọmọ tuntun, bí ó bá ti fẹ́ tutù á da omi fíláàsì díẹ̀ sí i. Láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán ni ó jókòó ti garawa náà. Àwọn oníbàárà wá ra oúnjẹ adìẹ, ó sọ fún wọn pé kí wọ́n padà wá lọ́la. Kò sọ ìdí rẹ̀.

Ní aago méjì, ó tún fi ìgò sára kẹ̀kẹ́, ó yí i. Ó yọ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sí ojú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé.

Omi kókó kan pọ́n bí omi ìṣápá. Omi kókó méjì pọ́n díẹ̀, bí ẹni fọ ọwọ́ tí ó gé nínú rẹ̀. Omi kókó mẹ́rin, ti adìẹ ẹ̀yìn ilé ìkóbì, mọ́ gaara bí omi òjò. Horo rẹ̀ jókòó sí ìdí ìgò bí wọ́n ti ṣe fi í sílẹ̀.

Kókó mẹ́ta, ti Akaka, pọ́n.

Olúdọ̀tun gbé ìgò kẹta sókè, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bí ẹni pé ó lè rí ọ̀nà mìíràn gbà kà á. Adìẹ Oyèbọ̀dé tí ń sáré kiri láàárọ̀ yìí! Àìsàn ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó tó yọ sí awọ. Bí ó bá da ìgò mẹ́rin yìí sí kòtò, Táyé nìkan ni yóò mọ̀, Táyé kò sì ní sọ. Àlíhájì á lọ sí ààfin, obì rẹ̀ á jẹrà. Ọlọ́bì lówó, á tún ra òmíràn. Ó ro gbogbo èyí dé òpin, ó rò ó gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ro ẹ̀rọ, láti mọ ibi tí yóò ti já. Ojú rẹ̀ wá kan ẹfun ara ògiri.

"Irinṣẹ́ tí mo fi ọwọ́ mi ṣe ni," ni ó wí níkẹyìn. "Bí èmi bá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ta ni mo fẹ́ kí ó gbà á? Lọ bá mi pe Màmá Tíṣà. Èmi á lọ pe Àlíhájì."

Ní aago mẹ́rin, àwọn méjèèjì dúró nínú ilé ìlọ náà, wọn kò wo ojú ara wọn. Màmá Tíṣà jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀. Mọ́ṣúdù kọ̀ láti jókòó. Olúdọ̀tun ka ohun tí ó kọ sára ògiri fún wọn kí ó tó fi ìgò hàn wọ́n. Ó ṣàlàyé òṣìṣẹ́ inú horo, ó ṣàlàyé ọkọ́ tí kò sí, ó sì sọ kókó òwú kọ̀ọ̀kan. Màmá Tíṣà fi awò rẹ̀ sójú. Ó gba ìgò níkọ̀ọ̀kan, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń máàkì ìdánwò.

"Epo tí mo fún wọn, ó mú wọn lára dá. Mo fi ojú mi rí i."

"Ó ràn wọ́n lọ́wọ́ lóòótọ́, Màmá. Láìsí i, wọn ì bá ti kú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oró ni ó pa. Ẹ wo kókó méjì: iná ṣì wà níbẹ̀, ó kàn rọ̀ ni."

Màmá tún wo ìgò kẹrin. Ó béèrè bóyá adìẹ tí ń jẹ kòkòrò olóògùn ni lóòótọ́, Táyé sì ní òun ni òun mú un pẹ̀lú ọwọ́ òun, ó tilẹ̀ sá mọ́ òun lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Màmá Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Nítorí náà ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ Mọ́ṣúdù."

"Ọ̀dọ̀ mi ni ó wà, Màmá. Mo rí orúkọ nǹkan náà lára àpò, mo ní ó kéré jù. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n adìẹ yín, èmi ni mo jẹ yín ní wọn, n ó sì dá wọn padà."

Mọ́ṣúdù sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Màmá Tíṣà, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, ẹ nà mí nítorí ìṣirò. Mo jẹ̀bi ìyẹn. Ẹgba náà tọ́ sí mi. Ti eléyìí, ẹ nà mí láàárín ọjà."

Ìyá náà tẹ orí ba. Gbogbo wọn mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ó ń ṣe lójoojúmọ́.

Mọ́ṣúdù yíjú sí Olúdọ̀tun. "Ìwọ náà. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi ru ẹrù rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àlíhájì."

"O ì bá ti da ìgò yẹn nù."

"Mo rò ó."

Mọ́ṣúdù wo ẹfun ara ògiri lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì jáde.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ àwọn ará Kánò dúró níwájú ilé ìkóbì. Àwọn oníbàárà sọ̀kalẹ̀, wọ́n kí Mọ́ṣúdù dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ kan agbọ̀n. Wọ́n ń béèrè àlàáfíà ilé, wọ́n ń béèrè àlàáfíà ọ̀nà, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ibi tí wọ́n dé nìyẹn nígbà tí Màmá Tíṣà yọ, ó wọ aṣọ tí ó máa ń wọ lọ sí ìsìn, ó di gèlè. Gbogbo Ìkẹ́nnẹ́ ni ó mọ̀ pé kì í jẹ obì. Ọdún méjìdínlógójì ni ó fi ń na àwọn ọmọ tí eyín wọn bá pọ́n.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Mọ́ṣúdù, fún mi ní obì."

Mọ́ṣúdù tú agbọ̀n kan, ó ṣí ewé, ó mú èyí tí ó tóbi, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un. Ìyá là á, ó ju awẹ́ kan sẹ́nu, ó jẹ ẹ́. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó sì mú awẹ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún àwọn àlejò pé òun ni òun sọ pé oró wà nínú ilé yìí, pé òun ṣìṣe, pé oúnjẹ adìẹ òun ni kò pé, ẹni tí ó sì pò ó ti jẹ́wọ́.

"Obì yìí korò," ni ó wí, "ṣùgbọ́n kò lóró. Ẹ kó ẹrù yín."

Ẹni tí ó dàgbà jù nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó gba awẹ́ tí ó kù ní ọwọ́ rẹ̀, ó jẹ ẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ọgọ́rin agbọ̀n ti wà nínú ọkọ̀.

Olúdọ̀tun kò sí níbẹ̀. Ó ti wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú láti ìdájí, nítorí Táyé ti sọ fún un pé ẹja kò ní ṣe aláìní sẹ̀lẹ́níọ̀mù. Omi ni ó ti ń kó o jọ. Kò sí ẹja òkè òkun, ẹja ọ̀sà ń bẹ. Ó ra orí ẹja àti ṣáwá gbígbẹ tí ó ti fọ́ wẹ́wẹ́ tí àwọn ẹlẹ́ja kì í rí tà, àpò mẹ́rin, ó lọ̀ ọ́ kúnná. Kò kàn dà á sínú àgbàdo kí ó rò ó. Ó mọ̀ báyìí pé ohun kékeré ni a gbọ́dọ̀ pín dọ́gba jù. Ó pò abọ́ kan mọ́ abọ́ kan, ó pò méjì mọ́ méjì, mẹ́rin mọ́ mẹ́rin, títí ó fi kárí àpò gbogbo, kí adìẹ kan má baà jẹ ti ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀. Ó kó ti Akaka lọ fún Oyèbọ̀dé fúnra rẹ̀, ó gba ti àtijọ́ padà, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Simawa, ó ṣe é ní Ògèrè, lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tí ó ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan bú u. Ẹnì kan ní Ògèrè béèrè bóyá adìẹ ni òun fẹ́ tà ni àbí ẹja. Kò sí adìẹ kan tí ó kú ní Akaka.

Ní ilé Màmá Tíṣà, ikú dúró ní ọjọ́ kẹrin. Màmá fẹ́ kí wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lójú ẹsẹ̀. Olúdọ̀tun ní kí ó ní sùúrù. Horo tí ó ti jáde láìní ọkọ́ lọ́wọ́, kò sí bí a ṣe lè fún un ní ọkọ́ lójú ọ̀nà. Kí ó lo ọjọ́ tirẹ̀ tán, kí ara dá tuntun tí ó gbá irinṣẹ́ mú. Táyé ní horo adìẹ kì í pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Wọ́n dúró fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti ọjọ́ méjì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kẹ̀kẹ́ tún dojú délẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí èrò pé jọ: Màmá Tíṣà lórí àga, Oyèbọ̀dé láti Akaka, Mọ́ṣúdù ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Hàbíbátù. Adìẹ Màmá méjì, ti Akaka kan, ti ẹ̀yìn ilé ìkóbì kan. Omi iyọ̀ kan náà, gúlúkóòsì kan náà, fítámìn kan náà, garawa kan náà. Nígbà tí Olúdọ̀tun to ìgò sí ojú fèrèsé, kò sí ẹni tí ó nílò àlàyé. Omi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ gaara. Bí kì í bá ṣe kókó òwú, òun pàápàá kì bá ti mọ ti ẹni tí ó jẹ́.

Màmá Tíṣà dìde. Ó yọ bírò pupa láti inú báàgì rẹ̀, bírò tí kò jù nù láti ìgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì, ó lọ sí ara ògiri níbi tí ẹfun náà ṣì wà, ó fa ìlà gígùn kan sí abẹ́ rẹ̀, ó kọ: Ó YEGE. Ó ní kí Olúdọ̀tun kọ orúkọ òun sílẹ̀: ọ̀ọ́dúnrún ọmọ adìẹ tuntun ń bọ̀ lóṣù tí ó ń bọ̀, lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni wọn yóò sì ti máa jẹun. Oyèbọ̀dé ní kí ó kọ òun náà.

Hàbíbátù ni ó sọ ti ilé tiwọn. Ó ní àwọn ti kọ́ ilé adìẹ kékeré sí ẹ̀yìnkùlé ní Ṣàgámù, àpò mẹ́fà ni àwọn ń fẹ́ lónìí. Olúdọ̀tun wo Mọ́ṣúdù. Mọ́ṣúdù wo òkè àjà.

"Àlíhájì, ọkọ̀ wo ni yóò gbé e?"

"Ọkọ̀ mi náà ni. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa: obì kì í fẹ́ òórùn. Ogún ọdún ni mo fi ń kó ẹrù, n kò fi ohunkóhun ti obì rí nínú ọkọ̀ yẹn, àlùbọ́sà pàápàá. Ẹja rẹ yìí, ẹ̀yìn pátápátá ni yóò wà, kí wọ́n fi tapólì wé e lẹ́ẹ̀mejì."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọkọ̀ tí kò gbé ohun mìíràn rí bí kò ṣe obì gbéra ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Ṣàgámù. Ogójì agbọ̀n obì gbànja ni ó wà níwájú nínú ewé tútù, àpò oúnjẹ adìẹ mẹ́fà sì wà lẹ́yìn, tapólì wé wọn lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ Olúdọ̀tun wà lára ìkọ̀ọ̀kan.